Ohùn Nọ́ọ̀sì Tí Mo Fi Pe Ìyàwó Ilé Wa

Olóòtú wa, mo kí yín láti Ṣakí níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe wá orúkọ mi. Kò sí ẹni tí n kò lè sín jẹ, títí kan lèmọ́mù àdúgbò wa.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóyún oṣù márùn-ún. Tó bá jẹ ẹ̀pà, ètè rẹ̀ á wú. Oyún yìí wá ń bèèrè kúlíkúlí lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí wọ́n wò ó bóyá àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ṣì ń bá ẹ̀pà jà.

Ni mo bá fi fóònù ọ̀rẹ́ mi pè é, mo ń fimú sọ̀rọ̀ bíi nọ́ọ̀sì: "Màmá, èsì ti dé o. Ara yín àti ẹ̀pà ti parí ìjà!"

"Alihamudulilai!"

Mo rò pé a ó jọ rẹ́rìn-ín ni. Kí n tó délé, ó ti jẹ kúlíkúlí, ojú rẹ̀ ti wú, kò lè mí dáadáa. Abẹ́rẹ́ ọsibítù ló dóòlà rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń yí.

Ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun ò ní padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. "Ọkọ mi," bó ṣe ń pe èmi àbúrò ọkọ rẹ̀ nìyẹn, "obìnrin yẹn fẹ́ pa mí ni." Èsì gan-an ti dé, kò lọ gbà á. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń retí rẹ̀ ní ọsibítù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́, ohùn tèmi ò jáde. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀? Olóòtú wa, ẹ bá mi ka lẹ́tà yìí kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Ìyàwó wa máa ń gbọ́ yín lórí rédíò tó bá ń bó ẹ̀gúsí.