Ọtí Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Nínú Ike

Yàrá ẹ̀yìn,
Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú.

Bàbá Kékeré mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé èmi ọmọ àná gbójúgbóyà láti kọ ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi sí yín lórí ibùsùn àìsàn. Mo ti kọ ìwé yìí, mo ti fà á ya, mo tún ń kọ ọ́. Mo kí yín, mo kí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ara yín yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ọtí yín ni. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ ó lò ní ọsibítù, pé kí n máa ṣọ́ ike tí ẹ pọn ọtí sí títí ẹ ó fi dé. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ka nǹkan kan lórí fóònù, ó ní ọtí tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà tó wà nísàlẹ̀ ike ti di májèlé. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń ṣí ìdérí, tó ń ti imú bọ̀ ọ́ bí ẹni tí òrùka rẹ̀ jábọ́ sí kànga. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣíṣí yẹn gan-an ló lè bà á jẹ́.” Ó ní, “Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, ṣé ẹ ti dé orí ẹ̀kọ́ ọtí ni?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé èmi ni mo ṣì í. Èmi tí ẹ̀rù ń bà láti nawọ́ ní kíláàsì, ta ni mo jẹ́? Mo bá yẹ ọtí náà wò bí ẹ ṣe kọ́ mi. Yàrá yín tó wà tutù. Kò sí èèhù lójú rẹ̀, kò rùn bí ohun tó kan. Mo tọ́ ṣíbí kan wò. Ó dùn. Mo rántí pé ẹ sọ pé bí ike bá mọ́ tí ìdérí sì pa dé, oṣù kan kò ní pa ọtí lára. Bó bá pẹ́ jù, adùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ẹ̀mí ẹni tó mu ún.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú jù. Lọ́jọ́bọ̀, ó ní òun yóò da ọtí náà nù, kí òun lè kó bàtà òun sí yàrá yín. Ó ní, “Ta la tún ń tọ́jú ẹ̀ dè?” Ó sọ ọ́ bíi pé wọ́n ti sin yín. Bàbá Kékeré, wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n ìwà tèmi ti di ọmọ òrukàn láti ọjọ́ náà.

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́, mo fi omi gbígbóná ṣan àwọn ìgò yín, mo fi ṣúgà díẹ̀ sí wọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo sì fi ọ̀pá rọ́bà fa ọtí náà sínú wọn. Wọ́n wà nínú àpótí aṣọ mi. Mo wá bu omi kún ike, mo rò ó pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mo dé e padà.

Lánàá, ó dà á sí gọ́tà níwájú gbogbo ilé, ó fi ọwọ́ di imú. Èmi ni mo bá a gbé ike náà. Mo yí ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rò pé ẹ̀rù ni.

Kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ yín méjèèjì gbé yín wálé. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ tí ẹ kò ní padà, kó kà á tì.

Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.

Àfikún: Ó ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé òórùn májèlé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òun ṣubú. Omi ẹ̀rọ ni. Ẹ ó fọwọ́ ara yín ṣí ìgò àkọ́kọ́ níwájú rẹ̀. Títí dìgbà náà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi lẹ́tà yìí sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.