Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Fọ́rọ́ọ̀mù Yín

Manigri, ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun alásàrí

Wassiou, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àjò tó pẹ́, mo kí ọ kú òtútù Brúsẹ́ẹ̀lì, mo kí ọ kú iṣẹ́ tí a kò mọ irú rẹ̀. Ọlọ́run Ọba tó mú ọ kọjá òkun kò ní jẹ́ kí omi inú ife gbé ọ lọ. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ yóò gbà ọ́. Ṣe àmín kí o tó kà á síwájú. Bí o bá ń bèèrè tiwa, ara le, a ń jẹ, a ń sùn, orúnkún mi ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe ara mi.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí, nínú kàyé tí mo fi kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì àwọn àgbà, nítorí náà bí o bá rí i pé ọ̀rọ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, má rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tó ti fi ọgọ́ta ọdún kọ ebè ni. Òjò pẹ́ kó tó dé lọ́dún yìí, nígbà tó sì dé, ó wó ògiri ilé ìdáná. Fataou àbúrò rẹ kọ ebè púpọ̀ sí oko ọ̀nà Doguè, iṣu náà ti ń fà. Kajú so, a ṣà á, ẹni tó wá rà á ní owó rẹ̀ ti wálẹ̀ káàkiri ayé. Mo bi í pé ta ló sọ fún un, ó ní intanẹ́ẹ̀tì ni. Mo ní kó bá mi kí i, kó sì sọ fún un pé kò tíì gbé àpò kajú rí. Mo ti ro etí sàréè ìyá rẹ, koríko kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí iṣu ni mo fi mú kàyé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn fọ́rọ́ọ̀mù yín. Bóyá o ti gbọ́, bóyá o kò tíì gbọ́, èmi kò mọ̀, nítorí n kò mọ ohun tí o ń gbọ́ mọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa ìjọba lé ọ kúrò nílé lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, o ní kí a má pè ọ́ lórí pọ́tábù, nítorí etí pọ̀ lójú ọ̀nà. O ní ẹ̀yin tí ẹnu yín lé kúrò nílùú, láti orílẹ̀-èdè yìí àti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ ní ilé kan nínú pọ́tábù tí ẹ ti ń jókòó sọ̀rọ̀, fọ́rọ́ọ̀mù ni orúkọ rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Marwa, tí ẹ jọ wà nílùú kan náà, ló di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú, ẹni tó bá fẹ́ rí ọ kó wá síbẹ̀. Mo rò ó títí bí ogójì ènìyàn ṣe lè jókòó nínú ohun tó wọ àpò ṣòkòtò. Nígbà tó sú mi, mo ní kò burú, ọmọ mi ṣáà ti rí ibi jókòó.

Nígbà tí ìyá rẹ Àsùmáù kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí o kò lè wá sin ín, Rahimatou ìyàwó Fataou gbé pọ́tábù rẹ̀ wá bá mi lórí ẹní tí mo jókòó sí, ó ní àwọn ará fọ́rọ́ọ̀mù ń bá mi kẹ́dùn. Ogójì ènìyàn àti ẹnì kan, mo kà wọ́n. Àwọn tí n kò rí ojú wọn rí, tí wọn kò lè lọ sí ìsìnkú àwọn ìyá tiwọn náà. O mọ àṣà wa. Ẹni tó bá kí ọ nínú ọ̀fọ̀, lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, o gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ojúlé kan lẹ́yìn òmíràn. O ó kí i láti ìta, o ó sì dúró títí yóò fi dáhùn láti inú ilé, nítorí ìkíni tí a kò dáhùn kò tíì parí, ẹsẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ìkíni kò tíì parí. Mo ní kí Rahimatou mú mi lọ.

Ẹnu ọ̀nà yín le o. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo fi Ọlọ́run búra, kò tó wọn. Wọ́n wá gbé àwòrán mẹ́sàn-án síwájú mi, wọ́n ní kí n tọ́ka sí èyí tí alùpùpù wà nínú rẹ̀. Mo tọ́ka sí i, mo tilẹ̀ sọ fún wọn pé ọ̀kan jọ ti Mamoudou aládùúgbò wa, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n jí i ni. N kò bínú. Ilé tí àwọn tó ń sá kiri bá ń gbé, ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tó ń wọlé. Àmọ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí, bí ẹni pé mo lè sùn kí n jí di ẹ̀rọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì dáhùn. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ, nítorí ìwọ wà níbẹ̀, àti nítorí pé ilé dákẹ́ jù lẹ́yìn ìyá rẹ. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, Rahimatou á máa tẹ ohun tí mo bá wí. Mo ń kí tíṣà tó sá kúrò nílùú oníyanrìn, mo ń bi í léèrè ìgbà tí yóò gbéyàwó. Mo ń kí arákùnrin tó máa ń bínú, mo ní kó jẹun kó tó sọ̀rọ̀ ìdìbò. Mo ń kí Marwa kú ìtọ́jú ilé. Ìwọ ni mo ń kí gbẹ̀yìn, kí n lè pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ.

Nígbà tó yá, ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Mo ní iṣẹ́ oko ló dé. Ìgbà oko kọjá, mo ní ààwẹ̀ ni. Ààwẹ̀ tú, mo ní òtútù ibẹ̀ ló dì wọ́n lẹ́nu. Èmi ṣì ń kí wọn, mo sì ń dúró, mo ń di pọ́tábù mú títí oòrùn á fi yọ, tí Rahimatou á máa sọ jẹ́jẹ́ pé àwọn tó fún òun láṣọ rán ti ń pe òun. Ìwọ náà kò dáhùn mọ́. Owó tí o ń fi ránṣẹ́ ń dé, nítorí náà mo mọ̀ pé o wà láyé, ṣùgbọ́n owó kò mọ bí a ṣe ń dáhùn ẹ kú àárọ̀.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, Rahimatou ní Marwa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé ilé náà ti gbó, òun fẹ́ tì í, ohun gbogbo tí a ti sọ níbẹ̀ yóò sì parẹ́. Mo ní ṣé nítorí gbígbó nìkan ni. Mo dìde lọ bá ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ wa, mo ṣàlàyé fún wọn, ọkùnrin mẹ́jọ sì gbà láti lọ bá Marwa tún òrùlé ṣe, bó bá ti lè bọ́ wọn, kó sì sọ iye igi tó fẹ́. Fataou ní ilé náà kò ní òrùlé. Mo ní abájọ tó fi tètè gbó.

Nígbà tí ọjọ́ tó dá pé, mo lọ láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń lọ. Ojú pọ́tábù funfun báláú. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo jẹ́ ẹ̀rọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọn kò bi mí, ó sì dùn mí.

Mo di iṣu mẹ́ta, mo gba pọ́tábù lọ́wọ́ Rahimatou, mo gun zẹ́míjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Bassila lọ́dọ̀ Gafarou tó ń tún pọ́tábù ṣe, mo ní kó bá mi ṣí i. Gafarou ní ìwà, kò fi mí rẹ́rìn-ín lójú mi. Ó ní pọ́tábù kò bàjẹ́, ilé gan-an ni wọ́n tì. Ó wá rí ọ̀rọ̀ ìdágbére Marwa tí Rahimatou ti fi pa mọ́ sínú pọ́tábù, ó kà á fún mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé Rahimatou kò kà á tán fún mi.

Marwa ní àwọn kan ti padà sílé, àwọn kan ti bímọ, wọn kò ráyè mọ́, àwọn kan ti kó lọ sí ibòmíràn, ó sì ti rẹ àwọn kan láti máa bá ìjọba jà láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni kò wọlé mọ́, àfi bàbá àgbàlagbà kan tó ń wá láràárọ̀ kí gbogbo wọn lórúkọ lórúkọ. Nítorí bàbá yẹn ni òun kò fi lè tì í láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n agbára òun ti pin. Ó ní òun ń gbọ́ ìkíni rẹ̀ láràárọ̀, ojú ló ń ti òun láti dá nìkan dáhùn fún ogójì ènìyàn.

Àánú bàbá náà ṣe mí gidigidi. Mo ní irú ìyà wo nìyẹn, kí ènìyàn máa kí ilé òfìfo láìmọ̀, ṣé kò ní ọmọ tó lè sọ fún un ni? Mo ní kí Gafarou bá mi wo ìlú tó wà, bóyá Pénéssoulou ni tàbí Alédjo, kí n lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí àwa méjèèjì lè máa kí ara wa. Gafarou ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ̀yin ni.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo ní kí zẹ́míjàn sọ̀ mí kalẹ̀ lábẹ́ àwọn igi kajú wa, mo jókòó. N kò ní purọ́ fún ọ, mo sunkún. Lẹ́yìn ẹkún, inú bí mi. Kì í ṣe sí tíṣà, kì í ṣe sí arákùnrin tó máa ń bínú, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Ìwọ ni inú bí mi sí, Wassiou. O mọ ohùn mi, o sì mọ̀ pé mo máa ń dúró. Ta ló kọ́ ọ pé o lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí o má lè bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀? Bóyá ojú ń tì ọ́ pé o kò sin ìyá rẹ. Bóyá o kò ní ìròyìn rere tí o lè sọ. N kò bèèrè ìròyìn. Ilé ti dákẹ́ jù, mo dá wà, bí mo bá wúkọ́ báyìí, ògiri ló ń dá mi lóhùn.

Marwa kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́ kàn sí i. Ilé yìí ní ògiri, Gafarou fi dá mi lójú. N kò ní àdírẹ́ẹ̀sì tìrẹ, nítorí náà ọwọ́ Marwa ni mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí, kó wá ọ rí. Ìwé tí àwọn lapọ́sì, ilé ìfìwéránṣẹ́, ní kí n kún ń bèèrè ohun tó wà nínú àpò lẹ́tà àti iye tó tó. Mo ti kọ ọ́ pé ìkíni ni. Iye rẹ̀, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ìwọ ni yóò sọ ọ́ fún mi.

O mọ̀ pé n kì í kọ̀wé kí n má tọrọ owó. Mo ń tọrọ rẹ̀, àmọ́ má fi í ránṣẹ́ síbí. Lọ́jọ́ tí Marwa bá kan ilẹ̀kùn rẹ, fi owó tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù yẹn ra oúnjẹ gidi, gbé àga fún un, kó jẹ, kó mu. Má jẹ́ kó kànkùn lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà fi owó ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún bàbá rẹ fún ọdún kan gbáko, kò sì rí mi rí. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń dúpẹ́ nílé. Bí owó bá ṣẹ́ kù, fi ra káàdì pọ́tábù, nọ́ńbà Rahimatou kò yí padà. Bí etí bá pọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n gbọ́. Ẹ kú àárọ̀ kò tíì di ẹ̀ṣẹ̀ nílùú kankan.

Ẹnu tó lé ọ kúrò nílé, Ọlọ́run yóò fi ẹnu náà mú ọ padà. O kò ní di àlejò lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ. Bí ìwọ náà bá dàgbà tí o kí ọmọ rẹ, ọmọ rẹ yóò dá ọ lóhùn.

Èmi Babalọlá, bàbá rẹ, ló kọ ọ́. N kò mọ wákàtí tí lẹ́tà yìí yóò dé ọwọ́ rẹ, nítorí náà mo mú àárọ̀.

Wassiou, o jí ire bí?

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà.