Ta Ló Kù Nílé?

Ọdún mẹ́fà pé lónìí tí o bọ́ aṣọ funfun rẹ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí o ò padà wá wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyàwó mi, dókítà ọ̀pọ̀ ìdílé, ilé ìwòsàn rẹ kò tì! Kò tì o!

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí ikú mú ọ lọ, àpótí káàdì àwọn aláìsàn rẹ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe, mo wò ó: káàdì ìyá, ti ọmọ, ti àna, gbogbo rẹ̀ wọnú ara wọn. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tò wọ́n ní A, B, D. Mo tún fi gírísì sí irin tí àpótí ń yí lé. Inú mi dùn. Àṣé ilé onílé ni mo tú ká!

Àkọ́bí wa obìnrin, tí òun náà ti di dókítà, jókòó sórí àga rẹ. Àwọn èèyàn ń wò ó bí àlejò. Bíríkìlà tí o máa ń bá jà nítorí sìgá ní òun ò lè sọ àìsàn òun fún ọmọ tó ti tọ̀ sóun lára rí. Ìdílé kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà wá pé iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún rẹ ti fẹ́ parun.

Ọjọ́ kan ni mo rí nọ́ńbà tí o fi pẹ́ńsù kọ sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ilé ni! Àwọn tó ń sùn lábẹ́ òrùlé kan náà ni o tò pọ̀. Abájọ tí o fi máa ń bi aláìsàn pé, "Ta ló kù nílé?" kí o tó bi í pé kí ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ tó pé ni, èmi ni mi ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo tú u, mo tún un tò.

Lọ́sẹ̀ kejì, aránṣọ gbé ọmọ rẹ̀ wá, ikọ́ tí kò gbóògùn. Bí ọmọ wa ṣe fa káàdì rẹ̀, ti ìyá àgbà ilé wọn bá a jáde: ikọ́ fée tó ń ran ará ilé, kò lo oògùn parí.

"Ta ló kù nílé, mà?"

Aránṣọ bú sẹ́kún. "Ìyá ẹ gan-an ló sọ̀rọ̀ yẹn!"

A ṣàyẹ̀wò àwọn méjèèjì. Wọ́n lo oògùn wọn parí, láìfo ọjọ́ kan. Ìyá àgbà ń rìn wá fúnra rẹ̀, ọmọ sì ń gba ipò kìíní nínú eré sísá nílé ìwé!

Aránṣọ ò pa ẹnu mọ́. Gbogbo àwọn tó lọ ló padà! Bẹ́ǹṣì méjì di márùn-ún, èmi ni mo kàn wọ́n. Bíríkìlà ló ń kọ́kọ́ jókòó. Ó ní òun ti jáwọ́ nínú sìgá. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti dín in kù.

Dókítà mi, bí o bá bi wá pé ta ló kù nílé, gbogbo wa pé. Ó ku ìwọ. Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ ò sì dín. Mi ò yọ káàdì rẹ. Ó wà níwájú tèmi, nọ́ńbà ilé kan náà.