Ògiri Ìgò ní Ilé-Ìwé Orí Òkè

Yèyé mi,

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè pa á mọ́ra, ẹ̀yin ni mo sì kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún. Àwọn ìgò yín ti di ògiri. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe lọ.

Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti lọ. Lẹ́yìn tí a sin yín tán, gbogbo nǹkan yín la pín: aṣọ, ìkòkò, títí kan àpótí tí ẹ fi ń jókòó nídìí àdògán. Ìgò nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ẹ̀fọ̀n níbẹ̀, òkìtì gàgàrà, àwọn ìgò tí ẹ fi ń ta oyin kí àwọn oníbàárà tó fẹ́ràn ike. Àwọn kan aláwọ̀ ewé, àwọn kan pọ́n bí oyin gan-an, àwọn kan mọ́ gaara. Koríko ti hù bò wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Arámọkọ kógbá sílé, mo sì padà sí ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n. N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí àkọ́bí yín, Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, fi dé láti Ìbàdàn. Ẹ mọ̀ wọ́n, bíríkìlà tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n nawọ́ sí òkìtì ìgò, wọ́n ní, "Kí ọyẹ́ tó lọ, kí ìdọ̀tí yìí ti kúrò níbí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá gbé ọkọ̀ wá, a ó lọ dà á sí kòtò."

Ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bínú? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde lónìí. Mo ṣì wà ní girama lọ́jọ́ tí a pàdé lọ́nà ọjà. Ẹ ru agbọ̀n ìgò tí ẹ ṣà lẹ́yìn ilé ọtí, ẹ rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí. Nígbà tí mo délé, ẹ bu oúnjẹ fún mi, ẹ ò sọ nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí? Ìbá sàn kí ẹ nà mí.

Mo ti rí i lórí fóònù pé àwọn kan ń gé ìgò, wọ́n ń fi ṣe ife àti ìkòkò òdòdó. Mo ní kí n dán an wò. Mo rẹ òwú sínú kẹrosíìnì, mo wé e mọ́ ìgò, mo ṣáná sí i, mo sì tì í bọ omi tútù. Pàù! Ó fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ́ ìgò, ẹyọ kan ò gé bó ṣe yẹ. Èyí tó kẹ́yìn ya mí ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Bùnmi, aládùúgbò wa, ló sáré wá fi aṣọ dì í. Ó ní, "Tíṣà bíi tìẹ! Kí lò ń bá àfọ́kù ṣeré fún?"

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí Arámọkọ, tèmi ti ọwọ́ dídì, mo lọ bá Bàbá Onígíláàsì, bàbá ará Ìkìrun tó ti ń to gíláàsì sí fèrèsé níbẹ̀ láti kékeré mi. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú irin kékeré tí wọ́n fi ń gé gíláàsì, wọ́n fà á yí ìgò kan po.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fa ilà," ni wọ́n wí. "Bí o bá tún padà sórí rẹ̀, o ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Wọ́n kan pákó fún mi tí ìgò á máa sùn lé, kí ọwọ́ má bàa gbọ̀n. Wọ́n da omi gbígbóná sórí ilà náà, wọ́n da tútù lé e, wọ́n tún da gbígbóná. Kọ́! Ìgò là sí méjì, etí rẹ̀ gún régé. Èmi náà ṣe tèmi lójú wọn. Nígbà tó là, mo fò sókè láàárín ṣọ́ọ̀bù bí ọmọdé. Ṣé ẹ gbọ́ igbe mi níbi tí ẹ wà?

Láti ọjọ́ náà ni iwájú ilé ti di ibi iṣẹ́. Mo ń fi awò bo ojú, mo ń fi aṣọ bo imú, inú omi ni mo sì ti ń fi pépà káfíńtà fá etí ìgò kí eruku rẹ̀ má bàa fò. Láràárọ̀ mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti yanrìn fọ ìgò, mo ń gbé e sókè sójú oòrùn, mo ń di ojú kan kí n lè rí i bóyá ó ti sán. Èmi ò mọ̀ pé mò ń ṣe bíi yín. Ìyá Bùnmi ló dúró lójijì lọ́jọ́ kan, tó kígbe pé, "Yéè! Ìyá ẹ gan-an rèé!"

Mo ṣe ife, mo ṣe ìbòrí iná. Ibi tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ orí òkè ti ń yẹ ife wò ni wọ́n ti sọ ti kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olè yọ fèrèsé rẹ̀ lọ, ni wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù dí i pa. Ẹnu ọ̀nà ni àwọn ọmọ ń kóra jọ sí kí wọ́n tó lè rí ìwé.

"Ṣé o lè ṣe nǹkan tí ìmọ́lẹ̀ á gbà wọlé, tí olè ò ní gbà?" ni wọ́n bi mí.

"Mo lè ṣe é, mà," ni mo sọ, kí n tó ronú rárá.

Ìdí ìgò méjì, Yèyé mi. Ẹ gé wọn, ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé kan ara wọn, ẹ fi tépù dì wọ́n pọ̀, wọ́n á di bíríkì kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ iṣẹ́ bíríkìlà. Mo gbé fóònù, mo pe Ẹ̀gbọ́n.

"Ìgò kì í ṣe bíríkì," ni wọ́n ké mọ́ mi. "Ó máa wó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí!"

"Nígbà náà, ẹ wá bá mi kọ́ ọ kó má wó."

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n dé, tàwọn ti àpò irinṣẹ́. Wọ́n yọ búlọ́ọ̀kù kúrò, wọ́n to irin sáàárín sìmẹ́ńtì, wọ́n ń tò, mò ń gbé ìgò fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé ìgò pupa kan dání, wọ́n wò ó lọ, wò ó bọ̀.

"Èyí tí Yèyé fi ń ta oyin nìyí, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba ìgò lọ́wọ́ mi.

A fi tapólì bò ó fún ọ̀sẹ̀ kan kó lè gbẹ. Bó bá wó ńkọ́? Bí Ẹ̀gbọ́n bá jàre ńkọ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tíṣà àti òbí kún ọgbà. Ẹ̀gbọ́n ṣí tapólì, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn. Wọ́n fi èjìká ti ògiri náà. Wọ́n tún tì í, tagbáratagbára, títí iṣan ọrùn wọn fi le. Kò mì. Wọ́n nu òógùn, wọ́n ní, "Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé."

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí òkè. Ó gba inú ìgò wọlé, ó sì tẹ́ àwọ̀ ewé àti àwọ̀ oyin sílẹ̀ bí ẹní. Àwọn ọmọ dúró lójú kan. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, wọ àárín ìmọ́lẹ̀ náà, ó na ọwọ́. "Àǹtí, ọwọ́ mi ti di ewé!" Ni ariwo bá sọ! Wọ́n ń fò láti àwọ̀ bọ́ sí àwọ̀. Nígbà tí tíṣà wọn rí wọn mú jókòó, ó fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ kan wẹ́wẹ́ sójú pátákó, ọmọ tó wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn pátápátá sì kà á síta ketekete. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́, gbogbo ọgbà gbè é.

Ẹ̀gbọ́n ò bẹ̀ mí o, ẹ mọ̀ wọ́n. Àmọ́ wọ́n ti ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ mi sí èyí àkọ́kọ́, pé ibi iṣẹ́ ni. Ìgò yín ti tán nílẹ̀ pátápátá, láti Arámọkọ la ti ń kó òmíràn wá báyìí. Ilé ìwòsàn kan ní Arámọkọ fẹ́ kí a ṣe irú ògiri yìí síbi tí àwọn aboyún ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, a ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ìyá Bùnmi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ilà. Ó ti fọ́ mẹ́rin láàárọ̀ yìí, ó ń bú ìgò!

Ọlọ́kadà tó kó ìgò láti Arámọkọ ti ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́dọ̀ dìde. Ẹ sùn re, Yèyé mi. A ṣe é, ó sì dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.