Ẹ̀fọ́ Tí Mo Bẹ̀ Kí N Tó Já A

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Boundary,
Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
14 Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Harriet, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara yín le ní Abẹ́òkúta? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Kọ̀yà, ọkọ mi, ṣì ń bá àwọn èèyàn gbẹrù jáde ní èbúté Tin Can, oyún mi sì ti wọ oṣù keje.

Ọ̀rọ̀ oyún náà ni mo ní í sọ. O mọ̀ pé mo gbin ẹ̀fọ́ ugu sínú àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là lẹ́yìnkùlé wa. Mo wá gbọ́ lórí rédíò pé bí a bá gé ewéko, ó máa ń dún, àmọ́ etí ọmọ aráyé ò gbé e. Wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìrora ni. Nígbà tí mo tún fẹ́ sebẹ̀, omi ń sun lójú ibi tí mo ti já ẹ̀fọ́, mi ò lè já a mọ́. Mo wá ń lálàá pé èmi ni mo wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí ewé ń hù ní ìka mi, ẹnì kan ń já a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń kígbe, kò gbọ́.

Bí mo ṣe pa ẹ̀fọ́ tì nìyẹn. Ẹ̀wà tẹ̀ lé e, nítorí lójú mi, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò tíì bí ni. Kọ̀yà rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Tẹjú, kí la ó wá máa jẹ, òkúta?" Ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ gan-an, pé ó lè ṣe àtèmi àtọmọ ní jàǹbá.

Mọ́mì Ese, ará Urhobo tá a jọ ń gbélé, wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bá mi wí ni. Wọ́n kàn gbọ́wọ́ lé ikùn mi, wọ́n ní, "My pikin, ẹni tó wà níbí yìí, kí ló ń jẹ?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n ní, "E dey pain you?"

Harriet, ó kúkú ń dùn mí. Ẹ̀yìn ń ro mí, eyín ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ mi lọmọ yìí ń mu, síbẹ̀ mi ò jẹ́ ní kó má jẹ. Ṣé bó ṣe ń rí lára ugu nìyẹn? Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo já ìwọ̀nba, mi ò fọwọ́ kan ọ̀mùnú rẹ̀. Tomijé tomijé ni mo fi jẹ ẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè báyìí. Bá mi kí ìyá, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, mò ń gbọ́ ohùn Kọ̀yà lẹ́yìnkùlé, ó fẹ́ já ẹ̀fọ́ alẹ́. Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ìyàwó mi ló fẹ́ jẹ ẹ́."

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Tẹjúmọ́lá