Àgbá Kábéèjì tó wà ní Yàrá Ológoṣẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá
Ológoṣẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láago méje. Zornitsa lorúkọ rẹ̀, bó ṣe ń ṣa èérún búrẹ́dì jẹ ló jẹ́ kí n máa pè é ní Ológoṣẹ́. Oṣù kan rèé tó ti ń háyà yàrá ọmọ mi. Lọ́jọ́ tó dé, mo ní kó fọkàn balẹ̀, ilé rẹ̀ ni. Mi ò rántí pé inú yàrá yẹn la ń gbà dé bákónì, níbi tí àgbá kábéèjì tí mo rẹ sínú omi iyọ̀ wà. Kábéèjì tuntun — ọjọ́ méjì-méjì ni mo gbọ́dọ̀ fa omi iyọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, kí n dà á padà lórí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á jẹrà. Kí la máa wá fi wé ẹran lọ́jọ́ Kérésì? Mo fi kọ́kọ́rọ́ kejì wọlé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Mi ò wo nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 6
Mo tún wọlé. Mo wò díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì rí wúruwùru, ojú mi ò gbà á — mo bá a tẹ́ ẹ.

Ọjọ́bọ̀, 7
À ń jẹun. Ó ń wo ọbẹ̀ rẹ̀, ó wá bi mí bóyá atẹ́gùn ìlú Sofia yìí ló máa ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún èèyàn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kábéèjì. Ó ní ká ní mo sọ ni, òun ì bá ṣílẹ̀kùn fún mi. Ojú tì mí, ìtìjú sì di ìbínú. Mo ní ilé mi ni. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ilé yín ni. Ẹ má bínú." Ó fọ abọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ẹyin lohùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo gbọ́ tó ń bèèrè yàrá míì lórí fóònù.

Àbámẹ́ta, 9
Vaska tó ń gbé lókè wá mu kọfí. Ó ní, "Nevena, ṣé wàá máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ayálégbé kó o tó jẹ kábéèjì ara ẹ ni?" Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán ni mo rántí ìgbà tí mo háyà yàrá nílùú Plovdiv. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Onílé mi máa ń wọlé tí mo bá lọ síbi iṣẹ́, á ká àwọn àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi dáadáa. Ẹkún ni mo sun. Mi ò tíì dárí ji obìnrin yẹn dòní.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo gbé kọ́kọ́rọ́ kejì síwájú rẹ̀. Mo ní kò sí òmíràn mọ́, mo ṣe ohun tí kò dáa, kó dákun má lọ. Ó mú un, ó wọ yàrá lọ. Kábéèjì ńkọ́? Kó jẹrà tó bá fẹ́ jẹrà.
Mi ò fẹ́ kó jẹrà o.

Ọjọ́ Ajé, 11
Òórùn kábéèjì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde. Mo jókòó sí ilé ìdáná. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Láàárọ̀ kùtù mo gbọ́ omi — ó ń dà, ó dá, ó tún ń dà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Látìgbà tí Petko ọkọ mi ti kú, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn yìí. Òun gan-an kì í kàn án. Mo ní ta ni, bí ẹni pé a pọ̀ nílé.
"Èmi ni, Màmá. Ṣé kí n wọlé?"
Ó dúró síta títí mo fi dáhùn. Ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì gbé ewé kábéèjì kan sórí àwo pẹlẹbẹ. Ó ní ìyá àgbà òun ní Vidin ló kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe é, lórí fóònù. "Kò jẹrà. Iyọ̀ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Àgbá yẹn wúwo, Màmá, ẹ máa wá ká jọ máa ṣe é. Ẹ ṣáà máa kan ilẹ̀kùn."
Mo tọ́ ọ wò. Lóòótọ́, iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Mo bi í léèrè yàrá tó ń wá nílé ẹlòmíì.
Ó ní ìyẹn ò ní bákónì.