Wáyà Ara Igi Bàámi

Màámi,

Ẹ kú àtijọ́. Ara wa le kokooko! Oòrùn ibí lè dín ẹyin lórí òrùlé, torí náà àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń bomi rin igi ọdán kékeré tí Bàámi gbìn sínú ìkòkò kó má bàa ga.

Wáyà tí Bàámi fi tẹ ẹ̀ka rẹ̀ kó lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́ ti ń wọnú èèpo. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lánàá, wọ́n ní kí n gbé igi náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí láti ìjẹta.

"Aláriwo ọmọ mi, gé wáyà yẹn. Rọra o."

Mo gé e.

"Láti òní lọ, tìẹ ni."

Mo ní n ò lè gba igi tí kò ga tó orúnkún mi. Ẹ̀rín pa wá débi pé omi bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Ẹ kìlọ̀ fún àbúrò mi kó má wọ bàtà mi. Bàámi ń kí yín. Àwọn fúnra wọn ni ì bá kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ erùpẹ̀ ló kún ọwọ́ wọn.